Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Bí Eré Kẹ̀kẹ́ Ṣe Ń Dé Ojú Wa, Láti Orí Ìwé Ìròyìn Dé Orí Fóònù

Bọ́ọ̀lù ní pápá. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ojú agbo tí wọ́n fi okùn yí ká. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, orí ìjókòó kan ṣoṣo ló máa wà tó fi máa rí gbogbo eré látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kó èrò. Bí ẹ bá lọ dúró sí ẹ̀bá títì nílẹ̀ Faransé nínú oṣù Keje, tí ẹ ti wà níbẹ̀ látàárọ̀ tòun ti oúnjẹ àti agboòrùn yín, àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó lé ní àádọ́jọ á kàn kọjá níwájú yín fìrì, ó parí nìyẹn. Ta ló ń borí? Ta ló ṣubú? Ta ló sá kúrò láàárín àwọn yòókù? Ẹ ò lè mọ̀, torí eré ti dé abúlé kejì.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò sí ẹ̀dá kan tó fi ojú ara rẹ̀ rí odindi eré kẹ̀kẹ́ rí. Kódà, àwọn tó ń gùn ún gan-an ò rí i tán. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò mọ ohun tó ń lọ níwájú àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Dandan ni kí ẹnì kan bá wa gbé eré náà wá sílé. Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ gbé e, rédíò tẹ̀ lé e, tẹlifíṣọ̀n gbà á lọ́wọ́ rédíò, kébù gbà á, íntánẹ́ẹ̀tì ló wá gbé e dání báyìí.

Láàárín àwọn olólùfẹ́ eré yìí, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: ṣé wíwò ó lórí kébù ló dáa jù ni, àbí wíwò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní streaming? Kóòdù là ń kọ jẹun, torí náà ẹ lè rò pé ẹ ti mọ ìhà tí a máa gbè sí. Ṣùgbọ́n tí a bá tú ìtàn náà wò látìdí, a máa rí i pé ìbéèrè yẹn kù díẹ̀ káàtó. Èyí tó yẹ ká máa bi ni pé: ta ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, ta ni wọ́n sì tì í mọ́?

Ìwé ìròyìn ló bí i

Lọ́dún 1903, ìwé ìròyìn eré ìdárayá méjì ló ń bá ara wọn fà á ní Paris. Ọ̀kan ń jẹ́ Le Vélo, òun ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkejì ń jẹ́ L'Auto, ọjà tirẹ̀ ò yá. Henri Desgrange ni olóòtú L'Auto. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan lábẹ́ rẹ̀, Géo Lefèvre, ló dábàá pé kí wọ́n ṣètò eré kẹ̀kẹ́ tó máa yí ilẹ̀ Faransé po. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ò le: tí eré bá gùn tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí kò sì sẹ́ni tó lè rí i tán, àwọn èèyàn á máa ra ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tó dé.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1903 ni Tour de France àkọ́kọ́ gbéra. Èèyàn 60 ló bẹ̀rẹ̀. Ìpele 6 ni wọ́n pín in sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,428. Àwọn ìpele kan gùn débi pé wọ́n ń fi òru gùn ún. Maurice Garin ló borí, èèyàn 21 péré ló sì gùn ún parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jèrè jù ò gun kẹ̀kẹ́ rárá. L'Auto tó ń ta nǹkan bí ẹ̀dà 25,000 lójúmọ́ kó tó dìgbà yẹn fò sókè dé nǹkan bí 65,000. Nígbà tí ọdún 1904 fi máa parí, Le Vélo ti kógbá sílé.

Bébà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń tẹ L'Auto. Lọ́dún 1919, wọ́n dá aṣọ aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣíwájú, aṣọ náà ni wọ́n ṣì ń wọ̀ dòní. Ní Ítálì, ìwé ìròyìn La Gazzetta dello Sport, tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà aláwọ̀ píǹkì, dá Giro d'Italia sílẹ̀ lọ́dún 1909. Nígbà tó di ọdún 1931, aṣọ píǹkì ni wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣíwájú níbẹ̀. Torí náà, àwọ̀ ìwé ìròyìn làwọn àwọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí ń bọlá fún káàkiri ayé.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìhìn ló gbé kẹ̀kẹ́, owó ló sì gbé ìhìn. Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ fún wa pé nígbà kan rí, eré kẹ̀kẹ́ mọ́ tónítóní, tí owó ò sí nínú ẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti ń fi í pọlówó nǹkan. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àfojúbà, ohun tí akọ̀ròyìn bá ti sọ labẹ gé. Ó lè sọ agunkẹ̀kẹ́ kan di òmìrán, kó sì sọ òkè kan di ojúbọ. Owó tín-ín-rín ló ń ta ìtàn náà, ẹni tí kò bá sì lówó lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á.

Kámẹ́rà gun alùpùpù

Lọ́dún 1929, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìròyìn Tour de France láti ojú ọ̀nà. Ní oṣù Keje ọdún 1948, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé gbé kámẹ́rà lọ sí pápá Parc des Princes ní Paris, wọ́n sì fi òpin eré hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Gino Bartali, ọmọ Ítálì, ló borí lọ́dún yẹn. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n nílé nígbà náà ò tó nǹkan, ibi tí eré parí sí nìkan ni wọ́n sì rí. Ọ̀nà tó jìn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ṣì wà nínú òkùnkùn.

Ohun tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà náà ni kámẹ́rà orí alùpùpù. Ẹnì kan ń wa alùpùpù, ẹnì kejì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti kámẹ́rà. Àwòrán máa ń fò láti orí alùpùpù lọ sára hẹlikọ́pítà tàbí bààlù tó ń yí lókè, látibẹ̀ ló ti ń balẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn onítẹlifíṣọ̀n níbi tí eré ti máa parí, kó tó wá bọ́ sínú ayé. Tí ojú ọjọ́ bá burú lórí òkè tí bààlù ò lè fò dáadáa, àwòrán á máa já. Títí dòní, bó ṣe rí nìyẹn. Bóyá kébù lẹ fi ń wò ó ni o, bóyá fóònù ni o, àwòrán kan náà ni gbogbo wa ń rí. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Faransé ló ń yà á, gbogbo àgbáyé ló sì ń pín in lò. Ọdún 2017 gan-an ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi gbogbo ìpele Tour hàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nílẹ̀ Faransé, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n nílé lè wò ó láìsan owó míì. Bó ṣe di ara ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn. Màmá àgbà tí kò mọ orúkọ agunkẹ̀kẹ́ kankan á jókòó síwájú ẹ̀, torí àwọn òkè, oko àti ààfin àtijọ́ tí hẹlikọ́pítà ń fi hàn. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ á jókòó tì í. Bí ọmọ yẹn ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eré kẹ̀kẹ́ nìyẹn, láìjẹ́ pé ó wá a lọ.

Òfin wà nídìí ẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti kọ orúkọ àwọn eré tó ṣe pàtàkì fún aráàlú sílẹ̀, kó má bàa di pé ẹni tó sanwó nìkan ló máa rí wọn. Lóṣù Kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ Faransé gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, Tour de France àti Paris–Roubaix sì wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Bìrìtìkó náà ní àkọsílẹ̀ tiwọn: eré Òlíńpíìkì wà níbẹ̀, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wà níbẹ̀. Tour ò sí níbẹ̀. Ẹ fi èyí pamọ́ sápò, a máa padà débẹ̀.

Kébù: ọdẹ, apẹja àti agunkẹ̀kẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà míì ni eré náà gbà wọlé. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, iléeṣẹ́ CBS máa ń fi díẹ̀ nínú Tour hàn lópin ọ̀sẹ̀. Greg LeMond ló jẹ́ kó dùn fún wọn. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba Tour, lọ́dún 1986. Nígbà tó di ọdún 1989, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré ju Laurent Fignon lọ lẹ́yìn ohun tó lé ní kìlómítà 3,000. Ẹni tó bá rí ìparí eré yẹn ò lè gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kébù dé. Lọ́dún 2001, ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní Outdoor Life Network, OLN, gba Tour. Ìkànnì àwọn ọdẹ àtàwọn apẹja ni OLN ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni Lance Armstrong ń gba Tour lọ́dọọdún, láti 1999 dé 2005, OLN sì ń fi í hàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Only Lance Network" ni OLN dúró fún. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2012, wọ́n gba gbogbo ife 7 yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ torí oògùn olóró. Ìkànnì náà ti yí orúkọ padà nígbà yẹn: ó di Versus lọ́dún 2006, ó di NBC Sports Network lọ́dún 2012, wọ́n sì tì í pa lópin ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ ká wo bí kébù ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ DStv, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á di ìkànnì ọgọ́rùn-ún pọ̀ bí ẹrù igi, wọ́n á ní kí ẹ ra gbogbo ẹ̀. Ọdẹ tó fẹ́ wo ẹtu ń bá agunkẹ̀kẹ́ sanwó, agunkẹ̀kẹ́ náà ń bá ọdẹ sanwó. Ó ń dunni. Kí ló dé tí màá fi sanwó ìkànnì 97 tí mi ò wò? Gbogbo wa la ti bi ìbéèrè yẹn rí nígbà tí sọ́bù bá tán lópin oṣù.

Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ẹrù igi yẹn tí a ò kà sí. Ọdẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ láàárọ̀ oṣù Keje, tó ń wá ẹtu, á bá àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ pénpé lórí òkè Alps. Á ní, "Kí lèyí?" Á jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń pariwo mọ́ wọn. Kébù ń ṣe àlàyé ìdí tí kò fi yẹ ká sanwó fún un, ó tún ń fi ohun tí a ò mọ̀ pé a fẹ́ hàn wá.

Ní Bìrìtìkó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Channel 4 ló gbé Tour wá sílé wọn láti ọdún 1986, ITV gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2002. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn eré kẹ̀kẹ́ yòókù á san owó Eurosport, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989. Ohùn méjì ló sọ eré náà di ti àwọn tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbi gbogbo: Phil Liggett àti Paul Sherwen. Sherwen gun Tour fúnra ẹ̀ kó tó di asọ̀ròyìn, Kampala ní Uganda ló sì kú sí lóṣù Kejìlá ọdún 2018. Lọ́dún 2012, Bradley Wiggins di ọmọ Bìrìtìkó àkọ́kọ́ tó gba Tour. Orí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ lẹnikẹ́ni ní London, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham, ti lè wò ó.

Ìlérí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí kò sí kébù tàbí Eurosport ní ilé ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ló sá lọ. Níbẹ̀rẹ̀, olè ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Àwòrán kékeré bí èékánná, ìpolówó tó ń fò síwá sẹ́yìn, asọ̀ròyìn tó ń sọ èdè àwọn ará Flanders tí ẹ ò gbọ́ ju orúkọ àwọn agunkẹ̀kẹ́ lọ. Síbẹ̀ àwọn èèyàn wò ó. Ìfẹ́ ló fà á.

Nígbà tó yá, èyí tó bófin mu dé. Lọ́dún 2016, NBC bẹ̀rẹ̀ sí í ta Tour lórí áàpù fún àwọn ará Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé wọ́n ra kébù. Èyí tó dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ eré yìí jù ni GCN+. Ojú ìwé YouTube ni GCN kọ́kọ́ jẹ́, láti ọdún 2013. Ọwọ́ iléeṣẹ́ Discovery ló bọ́ sí, wọ́n sì fi áàpù tó ń fi eré hàn kún un. Ní Bìrìtìkó, £39.99 lọ́dún kan gbáko ló gbà. Giro, Vuelta, àwọn eré ọjọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, fíìmù nípa àwọn agunkẹ̀kẹ́, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìlérí tí kébù ò mú ṣẹ ti ṣẹ: san ti ohun tí ò ń wò nìkan.

Ká má purọ́, ohun rere kan tún ti ibẹ̀ wá tí kò yẹ ká gbàgbé, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin. Wákàtí 24 péré ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ní lójúmọ́. Tí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀lù, tẹníìsì àti eré kẹ̀kẹ́ ọkùnrin kún un, wọn á ní àyè ò sí fún obìnrin. Áàpù ò ní irú àwáwí yẹn, torí eré mẹ́wàá lè lọ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2020, àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé sọ ọ́ di dandan pé eré obìnrin tó bá wà ní ìpele tó ga jù gbọ́dọ̀ hàn lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45, ó kéré tán. Paris–Roubaix àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, Lizzie Deignan ló gbà á. Tour de France Femmes tẹ̀ lé e lọ́dún 2022, Annemiek van Vleuten ló gba ìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣàárò kébù gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí: níbo ni kébù fi wọ́n sí?

Owó tí òǹwòran ò rí

Níbi tó kàn yìí, iṣẹ́ wa á wúlò díẹ̀. Nígbà tí sátẹ́láìtì bá ju àwòrán sílẹ̀ látòkè, bí òjò ni. Bó bá rọ̀ sórí òrùlé kan, bó bá rọ̀ sórí mílíọ̀nù kan, owó kan náà ló ná ẹni tó ju ú. Òǹwòran tuntun kì í dá kún ìnáwó wọn. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: bí ẹni ń bu omi fún kálukú ní kọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni. Àwọn kọ̀ǹpútà wọn gbọ́dọ̀ gé àwòrán sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan mélòó kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù kọ̀ọ̀kan. Òǹwòran tó bá lé, owó lé. Torí náà, £39.99 lọ́dún ò lè tọ́jọ́ àfi tí ẹnì kan bá ń fi owó ẹ̀ dí àlàfo náà, tó ń retí pé tí èrò bá pọ̀ tán, òun á gbowó lé e.

Fóònù náà á tọ́jú díẹ̀ nínú àwọn wẹ́wẹ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn, kó má bàa máa dúró lójijì. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi lè fi ìdajì ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti aládùúgbò tó ń lo díṣì lọ. Nínú eré tí ìparí ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, WhatsApp á ti sọ ẹni tó borí fún yín kí ẹ tó rí i.

Òǹwòran náà ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní àwòrán tó mọ́lẹ̀ dáadáa ń gba megabit 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wákàtí kan á jẹ́ 2.25 GB. Ìpele Tour kan lè gba wákàtí 5, ìyẹn 11.25 GB. Ìpele 21 ló wà. Gbogbo ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 236 GB dátà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún ẹni tó ń gbé ní Amsterdam tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé ẹ̀, ìyẹn ò ju ẹ̀kún omi lọ. Fún ẹni tó ń ra dátà lórí káàdì ní Ìbàdàn, owó ńlá ni, ká má tíì wá sọ ti sọ́bù fúnra ẹ̀ tàbí ti iná. Torí náà, tí wọ́n bá ní streaming ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, ẹ bi wọ́n pé ayé ta.

Nígbà tí onílé bá ta ilé

Lóṣù Kẹrin ọdún 2022, Discovery dara pọ̀ mọ́ WarnerMedia, wọ́n di Warner Bros. Discovery. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n ti GCN+ pa. Áàpù náà lọ tòun ti ilé fíìmù tó wà nínú ẹ̀. Àwọn òǹwòran ò ní káséètì, wọn ò ní fáìlì, wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ayálégbé ni gbogbo wọn, onílé sì ti ta ilé.

Ní Bìrìtìkó, ó tún burú sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025, Eurosport kógbá sílé níbẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n kó gbogbo eré kẹ̀kẹ́ lọ sórí TNT Sports. Ẹni tó ń san £6.99 lóṣù láti wo kẹ̀kẹ́ di ẹni tó ń san £30.99, wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù àti rọ́gbì di ẹrù náà fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí la ń pe ìyẹn? Kébù ni! Ẹrù igi ti padà dé, áàpù ló kàn wọ̀ bí aṣọ. Kò tán síbẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ti kéde pé láti ọdún 2026, TNT Sports nìkan ló máa ní ẹ̀tọ́ láti fi Tour hàn lójú ẹsẹ̀ ní Bìrìtìkó. Bí ọ̀nà tó ti wà láti ìgbà Channel 4 ṣe já nìyẹn. Ẹ rántí àkọsílẹ̀ tí a ní kí ẹ fi sápò: torí pé Tour ò sí nínú ti Bìrìtìkó, kò sí òfin kankan tó lè dá wọn dúró. Láàárín àkókò kan náà, ní òdìkejì odò òkun tóóró yẹn, àwọn ará Faransé ṣì ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá fi orílẹ̀-èdè méjèèjì wéra, ẹ máa rí i pé ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lò. Faransé ní áàpù, Bìrìtìkó ní áàpù. Òfin tí ọ̀kan ṣe tí èkejì ò ṣe ló fa ìyàtọ̀. Ohun tí ìtàn náà kọ́ àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀rọ nìyẹn: kì í ṣe wáyà tàbí díṣì ló ń pinnu ẹni tó máa rí eré.

Ta ló lè ṣèèṣì bá a pàdé?

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kàn wá. Ó kàn wá. Lọ́dún 2015, Daniel Teklehaimanot àti Merhawi Kudus láti Eritrea di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gun Tour. Teklehaimanot tiẹ̀ wọ aṣọ àmì tóótòòtó tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣíwájú nínú gígun òkè. Lọ́dún 2024, ọmọ Eritrea míì, Biniam Girmay, borí ìpele kan ní Turin, kò sì sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó ṣe irú ẹ̀ rí. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni, ọdún 121 géérégé lẹ́yìn tí Tour àkọ́kọ́ gbéra. Ó tún borí ìpele méjì sí i, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé dé ìparí. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali, níbi tí Tadej Pogačar ọmọ Slovenia ti borí láàárín àwọn ọkùnrin.

Àwọn ará wa tó ní DStv lè rí àṣeyọrí Girmay lórí SuperSport. Àwọn yòókù gbọ́ ọ ni, bí àwọn ará Paris ṣe gbọ́ ti Garin lọ́dún 1903. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè rí Girmay kó ní "èmi náà lè ṣe é" ò ní sọ bẹ́ẹ̀ torí ó ra sọ́bù áàpù eré kẹ̀kẹ́. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ra nǹkan tí kò mọ̀ pé ó wà. Ó gbọ́dọ̀ ṣèèṣì bá a pàdé, lórí tẹlifíṣọ̀n oníbárbà, nílé ìyá àgbà, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n. Àìsí irú ìṣèèṣì yìí ni àdánù tó tóbi jù nínú streaming. Ẹni tó ti mọ̀ ló ń fún ní púpọ̀ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ kì í gbúròó ẹ̀.

Àwọn agunkẹ̀kẹ́ fúnra wọn náà á jẹ nínú ìyà ẹ̀. Nínú Tour, iléeṣẹ́ tó ni eré kì í pín owó tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ikọ̀. Onígbọ̀wọ́ ló ń bọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ iléeṣẹ́ fi máa ń jẹ́ orúkọ ikọ̀. Onígbọ̀wọ́ ń ra ojú àwọn èèyàn. Tí ojú bá dín kù nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn, owó iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè lé, ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ń gun òkè nínú òjò ò ní rí nínú ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Kí kébù wà fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Kí áàpù wà fún ẹni tó fẹ́ wo gbogbo ìpele, tọkùnrin tobìnrin. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà kan wà tí kò ní géètì, kí òfin sì ṣọ́ ọ, torí ọjà fúnra ẹ̀ ò ní ṣọ́ ọ fún wa. Kó tó dìgbà náà, ojú ìwé YouTube tí Tour ní máa ń gbé àkójọ ibi tó dùn jù jáde lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dín bí àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ kù sí megabit kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ò ju 38 MB lọ. Nínú oṣù Keje tó ń bọ̀, ẹ wò ó, kí ẹ sì pe àbúrò yín kan wá síbẹ̀.